ÌRÌN ẸSẸ̀ NÍ ÌLÚ EDINBURGH

Láti ìgbà tí mo ti ti ìsinmi Kérésìmesì dé ni ẹ ti ń bi mí léèrè ohun tí ojú mi rí ní Edinburgh, tí í ṣe olú-ìlú ilẹ̀ Skọ́tílándì. Àwọn kan ń fẹ́ gbọ́ nípa yìnyín, àwọn kan nípa ààfin, àwọn mìíràn nípa oúnjẹ. Èmi yóò gbìyànjú láti sọ díẹ̀ nínú ohun tí mo rí. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé iṣẹ́ olùkọ́ ni gbogbo wa ń kọ́ níhìn-ín, n ó sọ pẹ̀lú bí ìrìn ẹsẹ̀ nínú ìlú náà ti ṣe ohun tí ìwé àti ẹ̀bẹ̀ kò lè ṣe nínú ìdílé wa.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó ránṣẹ́ pè wá. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó ń ṣe níbẹ̀, ó sì ń gbé ní Leith, èbúté tí a so pọ̀ mọ́ Edinburgh ní ọdún 1920. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń fẹ́ kí ìyá wa wá wo ọmọ òun. Ìlú náà ni a bí ọmọbìnrin yìí sí, ó sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án láìfojú kan ìyá rẹ̀ àgbà, àfi lójú fóònù. Èmi ni a yàn láti bá ìyá wa rìn, nítorí pé kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, orúnkún rẹ̀ a sì máa dùn ún. Aṣọ àdìrẹ ni ìyá mi ń tà ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta láti ìgbà èwe rẹ̀, ìjókòó ọjà náà ni ó sì mú orúnkún náà le.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí a dé, ìyá mi fa ọmọ náà mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í ní oríkì. Ọmọ náà wò ó títí bí ẹni ń wo àlejò, ó yọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lọ jókòó ti ìyá rẹ̀. Kò mọ ohun tí a ń wí sí òun. Kì í ṣe pé ẹ̀gbọ́n mi kò gbìyànjú. Ó ti ra ìwé ABD, ó ti ya ọjọ́ Sátidé sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹkún ni ọmọ náà máa ń sun bí ó bá ti rí ìwé náà. Nígbà tí gbogbo ilé sùn, ìyá mi wí fún mi nínú òkùnkùn pé, “Mo ní ọmọ-ọmọ, ṣùgbọ́n n kò ní ẹni tí n ó bá sọ̀rọ̀. Bí mo bá lọ tán, ta ni yóò sọ fún un pé irú ẹni báyìí ni mí?” N kò rí èsì kankan fún un.

Iṣẹ́ kì í jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi wà nílé ní ọ̀sán, a sì ti fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ìsinmi. Ó ní kí àwa mẹ́ta wọ bọ́ọ̀sì tàbí trámù lọ wo ìlú. Ìyá mi kọ̀. Ó ní òun ti jókòó nínú ọkọ̀ òfurufú títí ara fi ro òun, òun kò sì ti Abẹ́òkúta wá láti máa yọjú wo ìlú láti ojú fèrèsé. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé ìyá àgbà, ọmọ-ọmọ, àti èmi tí mo jẹ́ ògbufọ̀ láàárín wọn, fi ẹsẹ̀ rin ìlú náà fún ọjọ́ mẹ́fà. Ìyá mi ró ìró àdìrẹ méjì lé ara wọn, ó wọ kóòtù ẹ̀gbọ́n mi lé e, ó wé gèlè, ó sì fi ìborùn di etí. Ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé ọjọ́ gùn tó tiwa níbẹ̀ o. Ní ìparí oṣù Disẹ́ḿbà, oòrùn kì í yọ títí di bí agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sì tó lù ó ti wọ̀.

Ọ̀nà gbọọrọ tí ó ti Leith gòkè lọ sí àárín ìlú ni a ń pè ní Leith Walk, èyí tí a lè túmọ̀ sí Ìrìn Leith. Ní ọdún 1650, nígbà tí ogun Cromwell ń bọ̀, odi yẹ̀pẹ̀ ni a mọ sí ibẹ̀ láti dáàbò bo Edinburgh àti Leith. Nígbà tí ogun kásẹ̀, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí odi náà, títí ó fi di ọ̀nà. Ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ yá yóò rìn ín tán ní ìwọ̀n ìdajì wákàtí. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni ó gbà wá, nítorí pé ìyá mi ń dúró síwájú ilé ìtajà kọ̀ọ̀kan láti wo bí wọ́n ti ń pàtẹ ọjà wọn. Ọmọ náà a sáré lọ síwájú, a dúró, a wẹ̀yìn, a sì mí kanlẹ̀. Nígbà náà ni ìyá mi wí fún mi pé, “Sọ fún un pé òun ni onílé, àlejò ni èmi. Kí ó máa ṣáájú, kí ó máa sọ orúkọ ohun tí a bá rí.” Bí mo ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ojú ọmọ náà là. A ti máa ń kọ́ ọ ní nǹkan ní gbogbo ìgbà. Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún un rí pé òun ní ohun tí òun lè kọ́ àgbàlagbà.

Ohun kìíní tí ó fi hàn wá ni agogo ńlá tí ó wà lórí òtẹ́ẹ̀lì Balmoral, ilé tí a ṣí ní ọdún 1902. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú agogo yìí fi ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣáájú àkókò, kí àwọn tí ń sáré lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Waverley má baà pẹ́. Ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún nìkan ni a máa ń dá a padà sí àkókò gan-an, kí ọdún tuntun má baà wọlé ṣáájú ìgbà rẹ̀. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tí ó gbèrò rẹ̀ mọ ìwà ènìyàn.

Ní ọjọ́ kejì a gòkè lọ sí ilé olódi tí ó wà lórí àpáta. Àpáta yìí jẹ́ ọ̀fun òkè oníná kan tí ó ti kú, èyí tí ó ru ní ìwọ̀n mílíọ̀nù ọdún 350 sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìgbà náà, nígbà tí yìnyín bo gbogbo ilẹ̀ náà, òkìtì yìnyín ńlá ń wọ́ bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Kò lè fọ́ àpáta líle náà, ó sì pín gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kọjá, ó fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tí ó gùn bí ìrù, tí ó sì ń rọra lọ sílẹ̀. Orí ìrù yìí ni a kọ́ ìlú àtijọ́ sí. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún ìyá mi pé orí àpáta náà ni àwọn ènìyàn ń sá sí nígbà ogun, ó ní, “Olúmọ tiwọn nìyí.” Ọmọ náà gbọ́ orúkọ yẹn, ó béèrè ohun tí í ṣe Olúmọ, èmi náà sì sọ fún un bí àwọn Ẹ̀gbá ti fi abẹ́ àpáta ṣe ààbò nígbà tí wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó ní ọdún 1830.

Nínú odi náà ni ilé-ìsìn kékeré kan wà tí ó jẹ́ ilé tí ó pẹ́ jù lọ ní gbogbo Edinburgh. Ọba David Kìíní ni ó kọ́ ọ ní ìwọ̀n ọdún 1130 fún ìrántí ìyá rẹ̀, Ayaba Margaret, tí ó kú ní ọdún 1093. Ìyá mi fi ọwọ́ kan ògiri náà, ó dákẹ́, kò sì sọ ju pé ọmọ náà ṣe dáadáa. Kò pẹ́ tí a jáde ni agogo kan lù, ìbọn àgbá sì dún gbàù! Ìyá mi kígbe, ó di ọmọ-ọmọ rẹ̀ mú, ọmọ náà sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọdún 1861 ni a ti ń yin ìbọn yìí ní agogo kan ọ̀sán, àfi ní ọjọ́ Àìkú, Jímọ̀ọ́ Rere àti ọjọ́ Kérésìmesì. Àwọn ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Leith ni a ṣe é fún, kí àwọn atukọ̀ lè tún agogo wọn ṣe bí ìkùukùu bá bo ojú wọn.

Ní ọjọ́ kẹta a rin Royal Mile, ọ̀nà tí ó ti ilé olódi sọ̀kalẹ̀ lọ sí ààfin Holyrood. Àwọn ilé rẹ̀ ga fíofío, ìdí rẹ̀ sì rèé: lẹ́yìn tí ogun Flodden ti pa ọba wọn ní ọdún 1513, a mọ odi yí ìlú ká. Ènìyàn ń pọ̀ sí i, ilẹ̀ kò sì pọ̀ sí i, wọ́n bá ń kọ́ ilé lé ilé. Láàárín àwọn ilé wọ̀nyí ni ọ̀nà tóóró-tóóró wà tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Lójú títì, ọmọ náà fi òkúta tí a tò ní àwòrán ọkàn hàn wá, níbi tí ẹ̀wọ̀n àtijọ́ wà kí a tó wó o ní ọdún 1817. Títutọ́ ni àwọn ará ìlú máa ń tutọ́ sí i. Ìyá mi gbọ́ pé ẹ̀wọ̀n ni, ó sì fọwọ́ sí i.

Nínú Kàtídírà St Giles, a rí àpótí ìjókòó kékeré kan tí a fi idẹ rọ. Ìtàn sọ pé ní ọjọ́ 23 oṣù Júlàí, ọdún 1637, nígbà tí a fẹ́ fi ipá mú ìwé àdúrà titun wọ ilẹ̀ Skọ́tílándì, obìnrin ọlọ́jà kan tí a ń pè ní Jenny Geddes gbé àpótí tí ó fi ń jókòó, ó sì sọ ọ́ lu ẹni tí ń ka ìwé náà. Ìrúkèrúdò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ náà di ogun. Ìyá mi béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá ọlọ́jà ni obìnrin náà lóòótọ́. Nígbà tí ó dá a lójú, ó wo àpótí náà, ó ní, “Ó ti fẹ́ wúwo díẹ̀.” Mo túmọ̀ rẹ̀, ọmọ náà sì tún rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ni ó ti ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, tí kì í sáré lọ síwájú mọ́.

Láti padà sílé, a gba Advocate's Close, ọ̀nà tóóró kan tí àtẹ̀gùn òkúta rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀. Bí ìyá mi bá ń sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀, ó ní àṣà kan: a máa ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ó ti máa ń ka aṣọ ní ìsọ̀, kí ọkàn rẹ̀ lè kúrò lára orúnkún. Ọwọ́ rẹ̀ kan di irin ara ògiri mú, èkejì wà ní èjìká ọmọ náà. “Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin,” bẹ́ẹ̀ ni ó ń wí. Nígbà tí ó yá, mo gbọ́ ohùn kejì tí ń tẹ̀lé e. N kò sọ ohun kan. Wọ́n dé ogún, ìyá mi dúró sinmi, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení.

Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, ọmọ náà bi mí pé kí ní ṣe tí ìyá àgbà fi ń dárúkọ ogún kí ogún tó pé. Ó ti gbọ́ ìró rẹ̀ nínú ẹ̀rìndínlógún, nínú ẹ̀tàdínlógún, àti ní àwọn tí ó tẹ̀lé wọn. Ẹ wo etí ọmọdé! Mo yí ìbéèrè náà sí ìyá mi. Ó ní, “Sọ fún un pé bí mo bá ń ti ọjà lọ sílé, tí ó sì ti rẹ̀ mí, n kì í wo ibi tí mo ti kúrò mọ́. Ilé ni mò ń wò. N ó ní, ó ku mẹ́rin, ó ku mẹ́ta, ó ku méjì.” Ọmọ náà ronú díẹ̀, ó ní bí a ti ń ka agogo nìyẹn, bí wákàtí bá fẹ́ pé. Òun ni ó kọ́kọ́ sọ pé kí a padà wá lọ́la láti tún kà.

Òjò rọ̀ ní ọjọ́ kẹrin, síbẹ̀ a rìn. A lọ sí ìhà gúúsù, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga Edinburgh wà. Níhìn-ín ni Oníṣègùn Obadiah Johnson, ọmọ Yorùbá, ti gba oyè gíga nínú ìmọ̀ ìṣègùn ní ọdún 1889. Òun ni ó tún ìwé ìtàn àwọn Yorùbá kọ láti inú àkọsílẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àlùfáà Samuel Johnson, nígbà tí ìwé tí ẹ̀gbọ́n náà kọ ti sọnù, tí ikú sì ti mú ẹ̀gbọ́n náà lọ ní ọdún 1901. Ọdún 1921 ni a tó tẹ ìwé náà jáde. Mo dúró nínú òjò náà, mo ń ronú pé bí àbúrò kan kò bá jókòó kó ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ, ìwé tí gbogbo wa ń tọ́ka sí kì bá tí sí. Lẹ́yìn mi, ìyá mi àti ọmọ náà ń ka agbòòrùn tí ń kọjá. Wọ́n ti dé ọgbọ̀n.

Ní ọjọ́ karùn-ún a lọ sí ọgbà Princes Street, tí ó wà láàárín ìlú àtijọ́ àti ìlú titun. Adágún omi ìdọ̀tí ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀n ọdún 1759 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi rẹ̀ gbẹ. Ní ọdún 1767 a fọwọ́ sí àwòrán ìlú titun tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan, James Craig, yà, tí òpópó rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan. Yẹ̀pẹ̀ tí a hú níbi ìpìlẹ̀ àwọn ilé náà ni a dà sínú àfonífojì títí ó fi di òkè tí à ń gbà kọjá títí di òní. Nínú ọgbà yìí ni àwọn bẹ́ǹṣì wà tí a kọ orúkọ àwọn òkú sí. Ìyá mi bi ọmọ náà, kì í ṣe èmi, ohun tí a kọ síbẹ̀, ó fi ìka tọ́ka. Ọmọ náà kà á, mo sì túmọ̀ rẹ̀: obìnrin kan tí ó fẹ́ràn láti máa jókòó níhìn-ín. Ìyá mi kí obìnrin náà, ó dúpẹ́ ìjókòó lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jókòó. Ọmọ náà wò ó, òun náà sì wí pé, “Ẹ ṣé.” Ẹnikẹ́ni kò rán an.

Ọjọ́ kẹfà ni a lọ sí ọwọ̀n ìrántí Sir Walter Scott, òǹkọ̀wé ìtàn tí ó kú ní ọdún 1832. Ọwọ̀n náà ga ní ìwọ̀n mítà 61, èéfín ọjọ́ pípẹ́ sì ti sọ òkúta rẹ̀ di dúdú. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ń lọ́ bí ìkarahun ìgbín, ó sì há tó bẹ́ẹ̀ tí èjìká ń kan ògiri. Ìyá mi wo òkè, ó wo orúnkún rẹ̀, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó ní kí àwa lọ, kí a bá òun ka iye rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò ní gba òǹkà Gẹ̀ẹ́sì.

A bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà wà níwájú, ó ń kà, èmi ń ràn án lọ́wọ́ níbi tí ọ̀nà bá ti yí padà: ní àádọ́ta, tí í ṣe ọgọ́ta tí ó dín mẹ́wàá, ní àádọ́rin, ní àádọ́rùn-ún. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ó ti mọ bí ó ti ń lọ. Nígbà tí èémí mi fẹ́ pin, òun kò dákẹ́. Lókè pátápátá a rí òkun, a rí Leith, a rí àpáta olódi lókèèrè. Nísàlẹ̀ a rí gèlè ìyá mi bí ẹyọ aró kan. A sọ̀kalẹ̀. Ọmọ náà sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì wí pé, “Màmá àgbà, igba ó lé mẹ́tàdínláàdọ́rùn-ún!” Bẹ́ẹ̀ gan-an ni: 287 ni. Ìyá mi fi ìka rẹ̀ ṣírò, ó dáhùn pé, “Ó ku mẹ́tàlá kí ó pé ọ̀ọ́dúnrún.” Ọmọ náà rò ó, ó mi orí. Fún ìgbà kìíní láti ìgbà tí a ti dé, wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀, n kò sì túmọ̀ ohunkóhun.

N kò ní sọ fún yín pé ọmọ náà ń sọ Yorùbá geere nísinsin yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó mọ òǹkà, ó mọ ìkíni, ó mọ orúkọ ohun bí ogójì. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ tí a ó lọ, ìyá mi tún fà á mọ́ra, ó kì í, kò sì yọ́ lọ.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, láìpẹ́ a ó rán wa lọ sí ìlú àti ìletò láti máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí á máa mú wọn jáde kúrò nínú yàrá. Kí wọ́n ka ìṣísẹ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ dé odò. Kí wọ́n ka igi ọ̀pẹ tí ó wà lọ́nà. Kí ọmọ tí ìwé le fún jẹ́ amọ̀nà wa lọ sí àdúgbò baba rẹ̀, kí àwa olùkọ́ sì bi í léèrè ohun tí a kò mọ̀. Kí ẹni tí ó lọ́ra jù lọ máa ṣe òdiwọ̀n ìrìn gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ̀sọ̀ ìyá mi ni ó mú wa rí ohun tí a rí.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ọmọ náà bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó bi í léèrè iye àtẹ̀gùn tí ó wà ní Olúmọ. Ìyá mi ní òun kò mọ̀ ọ́n. Kí ó wá kà á.